Ìbò Tí Kò Ní Orúkọ Ààrẹ Nínú

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Ìlú Chicago ni wọ́n ń gbé láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa jáde fún ìdìbò àárín sáà, èyí tí wọ́n fi ń yan àwọn aṣòfin ní ìdajì sáà ààrẹ, tí ó ń bọ̀ nínú oṣù Kọkànlá. Wọ́n ní, "Àbúrò, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kò sí orúkọ ààrẹ nínú ẹ̀." Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn lójú wọn. A bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òrùlé ilé wa ní Ìlọrin tí ó ń jò, a sì kí ara wa pé ó dàárọ̀.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ni pé ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ni kò jẹ́ kí a rí oorun sùn nínú oṣù Kejì ọdún 2019. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè láti Chicago láti béèrè bóyá gbogbo ará ilé ti gba káàdì ìdìbò, bóyá màmá ti mọ ibi tí wọn yóò ti tẹ̀ka, bóyá ẹnikẹ́ni fẹ́ rìnrìn àjò lọ́jọ́ náà. Gbogbo Ìlọrin ń pariwo "Ó tó gẹ́!" nígbà náà. Ìwé ìbò ààrẹ wà lórí tábìlì lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò bi wá léèrè nípa rẹ̀ rárá. Ìwé ìbò sẹ́nétọ̀ ni wọ́n ń bi wá léèrè.

Wọ́n sì ní ìdí. Ẹni tí ó di àga ẹkùn wa mú, Bukola Saraki, ni Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà nígbà náà. Sẹ́nétọ̀ 57 ni ó wà nínú ilé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 2015 nígbà tí wọ́n yàn án, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sì wà ní gbọ̀ngàn ìpàdé mìíràn láàárín Abuja kan náà. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dùn, wọ́n sì bá a fà á fún ọdún púpọ̀, síbẹ̀ orí àga náà ni ó wà. Ohun tí wọn kò rí ṣe ní Abuja, àwọn olùdìbò ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ní Àárín Gbùngbùn Kwara ṣe é ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ni mo ṣe sọ èyí. Ọ̀nà tí ó gbà ṣẹlẹ̀ ni mo ń wò: àwọn sẹ́nétọ̀ ni wọ́n ń yan olórí wọn, àmọ́ ará ilé olórí náà ni ó lè sọ pé kí ó máa bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ èyí dájú ní Ìlọrin. Ní Chicago, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ibi tí ó sì dùn mí dé ni pé ìpínlẹ̀ Illinois tí wọ́n ń gbé gan-an ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, nínú ìdìbò àárín sáà, tí àtúbọ̀tán rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú.

Olórí tí ìwé òfin kò dárúkọ

Bí ènìyàn bá ka ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní rí ipò olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tó pọ̀ jù nílé aṣòfin àgbà, ẹni tí mo tún ń pè ní olórí ilé, níbẹ̀. Igbákejì ààrẹ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alága ilé, ẹni tí yóò di ipò náà mú bí kò bá sí nílé sì wà níbẹ̀. Ipò olórí ẹgbẹ́ hù díẹ̀díẹ̀ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ní àkókò kan náà tí àtúnṣe kẹtàdínlógún sí ìwé òfin gba yíyan sẹ́nétọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní ọdún 1913, tí ó sì fi lé ará ìlú lọ́wọ́. Ní ọdún 1937, John Nance Garner tí ó jẹ́ igbákejì ààrẹ là á kalẹ̀ pé bí ọ̀pọ̀ sẹ́nétọ̀ bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti sọ̀rọ̀, olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ni alága gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún láyè.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ilé aṣòfin lè rò pé nǹkan kékeré nìyẹn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo ni ó ń pinnu ohun tí ilé yóò jíròrò, ọjọ́ tí wọn yóò jíròrò rẹ̀, àti ohun tí kò ní dé iwájú ilé láéláé. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, adájọ́ Antonin Scalia ti ilé ẹjọ́ gíga jùlọ kú. Ààrẹ Obama fi orúkọ Merrick Garland sílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Mitch McConnell tí ó jẹ́ olórí ilé kò jẹ́ kí wọ́n gbé orúkọ náà yẹ̀ wò títí ọdún fi parí. Ìdìbò àárín sáà ọdún 2014 ni ó gbé McConnell dé ipò náà. Àwọn tí wọ́n jókòó sílé lọ́dún 2014 nítorí pé kò sí orúkọ ààrẹ nínú ìwé ìbò wà lára àwọn tí ó pinnu ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta àwọn sẹ́nétọ̀ ni ó ń dojú kọ ìbò ní ọdún méjì méjì, nítorí pé sáà wọn jẹ́ ọdún mẹ́fà. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé òfin wa ti ọdún 1979 wo Amẹ́ríkà kọ́ṣe nínú ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mú èyí wálé, gbogbo sẹ́nétọ̀ wa ni ó ń wọlé tí ó sì ń jáde pọ̀ ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Èrò tèmi ni pé a pàdánù nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún méjì tó láti mọ̀ bóyá ohun tí a rà dára.

Illinois, oṣù Kọkànlá ọdún 1950

Scott Lucas di olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ní oṣù Kìíní ọdún 1949, nígbà tí Alben Barkley tí ó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ Democrat ṣáájú rẹ̀ di igbákejì ààrẹ fún Harry Truman. Agbẹjọ́rò ni Lucas, ó ti wà nílé aṣòfin àgbà láti ìgbà tí wọ́n dìbò yàn án ní ọdún 1938, ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí kò sì fúyẹ́. Ohun gbogbo tí Truman bá fẹ́, òun ni yóò gbé e wọlé, òun ni yóò sì jíyìn bí kò bá gbà.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹrù náà ni òfin tí yóò dí àwọn agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ láti máa fi àwọ̀ ara yan ẹni tí wọn yóò gbà síṣẹ́. Àwọn sẹ́nétọ̀ ìhà gúúsù, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Lucas fúnra rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọn a dìde, wọn a máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, kí ilé má baà rí àyè dìbò. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ nígbà náà ni kí sẹ́nétọ̀ 64 nínú 96 gbà pé ọ̀rọ̀ ti tó. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1950, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ìbò kò pé. Òfin náà kú.

Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Kòríà. Ìjókòó ilé gùn títí oṣù Kẹsàn-án fi fẹ́ parí, olórí ilé kò sì lè fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí Lucas há sí Washington, ẹni tí ó ń bá a du àga ń yí gbogbo ìlú kéékèèké Illinois ká. Everett Dirksen ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Pekin ní Illinois, ẹgbẹ́ Republican ni ó ń ṣe. Ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, débi pé àwọn dókítà dábàá kí wọ́n yọ ẹyinjú kan. Ó kọ̀, ó fi ilé aṣòfin sílẹ̀ lọ sinmi, ojú náà sì padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà á mọ́ àwọn tí òṣèlú ti tán fún.

Níbo wá ni nǹkan ti yíwọ́? Estes Kefauver, sẹ́nétọ̀ láti Tennessee, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat bíi Lucas, ni ó ń darí ìgbìmọ̀ kan tí ó ń wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn tí wọ́n kóra jọ ní àwọn ìlú ńlá. Lucas bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá ti Chicago dúró dìgbà tí ìbò bá kọjá. Kefauver kò gbà. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Chicago, Daniel Gilbert, tí ẹgbẹ́ Democrat fà kalẹ̀ láti di ṣẹ́ríìfù, ìyẹn olórí agbófinró, ní ìjọba ìbílẹ̀ Cook tí Chicago wà nínú rẹ̀, wá síwájú ìgbìmọ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n bi í bí ó ṣe di olówó tó bẹ́ẹ̀ lórí owó oṣù ọlọ́pàá. Ó ní òun máa ń ta tẹ́tẹ́. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìbò wáyé ni ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times gbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó sọ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni mo máa ń padà sí. Lucas kò ta tẹ́tẹ́. Kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ owó orí àti ọ̀rọ̀ òfin ni ó ń bá kiri ní Washington. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ìwé ìròyìn lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Chicago láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ó rí bí ọ̀gá ọlọ́pàá ṣe di ọlọ́rọ̀, kò ní yọ orúkọ kan sọ́tọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Chicago ni agbára ẹgbẹ́ Democrat ní Illinois, lọ́jọ́ 7 oṣù Kọkànlá agbára náà kò sì tó. Ìbò tí Dirksen fi ju Lucas lọ lé ní 290,000. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ni Francis Myers ti Pennsylvania ṣubú, igbákejì Lucas, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ nígbà tí ìbò bá tó. Olórí àti igbákejì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lucas di Kefauver sínú.

Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Lucas mọ bí a ṣe ń ka iye sẹ́nétọ̀ tí yóò tẹ̀ lé e lórí òfin kan, ṣùgbọ́n àkókò tí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkókò tí ó yẹ kí ó fi jókòó ti àwọn ará ilé rẹ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ẹni tí oko kò sì jẹ́ kí ó tún ilé ṣe lè dé kí ó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Àga tí ó ṣófo

Ẹgbẹ́ Democrat ṣì ni ó pọ̀ jù nílé lẹ́yìn ìbò náà, 49 sí 47, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ fi orí rúbọ. Richard Russell ti Georgia ni gbogbo wọn ń wárí fún, ó sì kọ̀. Wọ́n gbé e fún Ernest McFarland ti Arizona. Fún ipò igbákejì, wọ́n mú ọkùnrin kan láti Texas tí kò tíì lò ju ọdún méjì lọ nílé náà, ẹni tí ìbò 87 péré ni ó fi wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1948. Lyndon Johnson ni.

Ní ọdún 1952, Barry Goldwater lé McFarland kúrò ní Arizona. Ní oṣù Kìíní ọdún 1953, Johnson di olórí ẹgbẹ́ Democrat nílé ní ẹni ọdún 44. Ìdìbò àárín sáà ọdún 1954 wá, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 48, Republican ní 47, Wayne Morse ti Oregon tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan sì dúró tì wọ́n. Ẹyọ ènìyàn kan ṣoṣo ni ó sọ Johnson di olórí ilé. Ká ní Lucas àti Myers wọlé padà lọ́dún 1950, àga tí Johnson gùn kò ní ṣófo. Ní ìdàkejì ilé, Dirksen náà ń gòkè, ó sì di olórí ẹgbẹ́ Republican ní ọdún 1959.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1964

Johnson ti di ààrẹ nígbà yìí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú sì wà níwájú ilé. Láti òpin oṣù Kẹta ni àwọn ará gúúsù ti ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe fún Lucas. Robert Byrd ti West Virginia sọ̀rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà fún wákàtí mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Nígbà tí ó jókòó, Dirksen dìde, ó sì sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àkókò ti tó. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tún ọ̀rọ̀ inú òfin náà tò kí wọ́n lè gbà á.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ Clair Engle ti California, ìdákẹ́jẹ́ bo ilé. Kókó kan ti yọ sí ọkùnrin náà nínú ọpọlọ, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n gbé e wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni. Ó gbìyànjú láti la ẹnu, kò ṣeé ṣe. Ó bá gbé ọwọ́ sókè, ó sì na ìka sí ojú rẹ̀, nítorí pé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bákan náà ni ojú (eye) àti bẹ́ẹ̀ ni (aye) ṣe ń dún létí nínú ilé náà. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà. Kí oṣù méjì tó pé, ó ti kú.

71 gbà, 29 kọ̀, nígbà tí 67 ti tó, nítorí pé àwọn sẹ́nétọ̀ ti di 100. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ilé náà rí ẹnu àwọn ará gúúsù pa mọ́ lórí òfin ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Republican 27 nínú 33 ni Dirksen kó wá. Goldwater, ẹni tí ó lé olórí ilé kúrò lọ́dún 1952, wà lára àwọn mẹ́fà tí ó kọ̀. Johnson fọwọ́ sí òfin náà ní ọjọ́ 2 oṣù Keje. Nínú rẹ̀ ni ohun tí Lucas kò rí gbé kọjá lẹ́ẹ̀mejèèjì wà: agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ lé ènìyàn sẹ́yìn nítorí àwọ̀ rẹ̀ tàbí nítorí ilẹ̀ tí ó ti wá. Ilé ìwòsàn ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ òfin yẹn ni wọ́n ti ń gba owó oṣù wọn.

Kò sí ẹni tí ó dìbò ní Illinois lọ́dún 1950 tí ó ní èyí lọ́kàn, mi ò sì ní purọ́ pé ìbò máa ń bí ohun tí ó dára ní gbogbo ìgbà. Ní alẹ́ kan náà ni Millard Tydings ti Maryland, ẹni tí ó darí ìgbìmọ̀ tí ó yẹ ẹ̀sùn Joseph McCarthy wò, sẹ́nétọ̀ tí ó ń fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pé Kọ́múníìsì ni wọ́n, ṣubú, tí ẹ̀rù McCarthy sì wá ba àwọn yòókù nílé fún ọdún púpọ̀. Ìwé ìbò kan náà ni. Igi tí a fojú rénà ni í gún ni lójú, ìdìbò tí ẹ̀gbọ́n mi fojú rénà sì ti gún ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ní Amẹ́ríkà, ó sì ti là á fún àwọn mìíràn.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e

Lẹ́yìn McFarland, ó di ọdún 2004 kí olórí ẹgbẹ́ kan nílé aṣòfin àgbà tó tún pàdánù àga rẹ̀ nílé. Tom Daschle ti South Dakota ni. Ìdìbò àárín sáà ọdún 2002 ti kọ́kọ́ gba ipò olórí ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá di olórí ẹgbẹ́ tí kò pọ̀ tó, lẹ́yìn ọdún méjì John Thune sì fi nǹkan bí ìbò 4,500 lé e lọ sílé. Bí Dirksen tí ó lé olórí lọ tí òun náà sì wá di olórí, Thune ni olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù láti oṣù Kìíní ọdún 2025. Ní alẹ́ tí Daschle ṣubú, Illinois ń yan ẹni tí yóò jókòó sórí àga tí Lucas fi sílẹ̀ fún Dirksen, àga tí Carol Moseley Braun, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ilé náà, ti jókòó lé rí. Barack Obama ni wọ́n yàn.

Mo ka èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí mo kọ yìí sí ẹ̀gbọ́n mi létí ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n ní, "Lucas yẹn ńkọ́? Ṣé ó rí ọjọ́ tí òfin náà kọjá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó padà sídìí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ọdún 1968 ni ó sì kú. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àwọn ti kó kúrò ní ilé tí àwọn wà nígbà ìdìbò ààrẹ, àwọn kò sì mọ ibi tí àdúgbò tuntun náà ti ń dìbò. Mo ní kí wọ́n bi àwọn aládùúgbò wọn.